Títọ ipa ìlù bàtá láti Ọ̀yọ́ dé Matanzas: kí ló yẹ kí olórin mọ̀ kó tó gbéra?

Onígìtá:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà onílù àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gìtá ni mò ń ta, ṣùgbọ́n ìlù bàtá ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀ báyìí. Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ, kí n gba Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ kọjá, kí n dé Salvador ní Brazil, kí n wá fi Havana àti Matanzas ní Cuba kádìí rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé yóò dùn, ìyẹn ò ní kí n má mọ̀. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ́ kí n tó kúrò nílé, irinṣẹ́ tó yẹ ní gbígbé, àṣẹ tí mo gbọ́dọ̀ tọrọ, àti ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dà rú mọ́ olórin lọ́wọ́ ni mò ń béèrè.

Ọmọ Àyàn:

Àbúrò, fi kókó kan sọ́kàn ná, torí òun ni yóò sọ ohun tí wàá máa béèrè níbi kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́ kù ní ìlú kan kọ́ ló ṣẹ́ kù ní èkejì. Nílé níbí, ìlù ṣì ń sọ̀rọ̀: a lè fi bàtá ki èèyàn, a sì lè fi bú u. Ní Cuba, ara ìlù náà wà, ètò bí wọ́n ṣe ń lù ú fún òrìṣà wà, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú èdè Lukumí, ìyẹn Yorùbá tó ṣẹ́ kù ní Cuba, tí wọ́n fi ń kọrin. Ní Salvador, o kò ní bá bàtá ní àwọn ilé òrìṣà tó ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu; ìlù mìíràn ló gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, àmọ́ àwọn oyè onílù àti bí ìlù ṣe ń tò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá nǹkan kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kàn máa kọ "kò sí, kò sí" sínú ìwé ni.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìyáàlù, omele abo, omele ako àti kúdi ni ẹgbẹ́ bàtá tó pé. Lóde òní, omele mẹ́ta, ìyẹn ìlù kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ tí ẹnì kan ń fi bílálà méjì lù, ti kó iṣẹ́ àwọn kékeré náà sọ́wọ́ ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ ibi. Bó o bá débẹ̀ tó o rí èèyàn mẹ́ta dípò mẹ́rin, má sọ pé ẹgbẹ́ ò pé.

Ojú méjì ni ìyáàlù ní. Èyí tó fẹ̀ ni ojú òjò, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń lù ú. Èyí tó kéré ni ṣáṣá, bílálà la fi ń nà án. Àárín ojú òjò la ń lẹ ìda mọ́, ohun dúdú kan tó ń fà bí àtè. Ìwúwo ìda ló ń fa ohùn awọ wálẹ̀ tí ìró rẹ̀ fi ń jinlẹ̀. Bí wọ́n bá sá ìlù sóòrùn láìwo ìda, á rọ̀, á ṣàn kúrò láàárín, ìyáàlù á sì máa dún bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń yún. Bí ohùn ìyáàlù bá ṣàdédé yí padà láàárín ọ̀sán, ìda ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó fẹ̀sùn kan awọ.

Àwọn tí etí wọn ti mọ́ dùndún ni bàtá máa ń tètè tàn jẹ. Onídùndún lè fún ọṣán, kí ohùn yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bàtá náà ní ọṣán, ṣùgbọ́n wọ́n ti dì í gan-in mọ́ igi, kò ṣeé fún. Bí ọwọ́ ṣe tẹ ojú òjò mọ́lẹ̀ tàbí tó tú u sílẹ̀, àti bóyá bílálà ró lórí ṣáṣá ní ìṣẹ́jú kan náà, ló ń sọ ohùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pe bàtá ní akólòlò. Nítorí náà, nígbà tó o bá ń gba gbólóhùn kan sílẹ̀, jẹ́ kí onílù kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́. Kó wá fi ẹnà bàtá sọ ọ́, ìyẹn bí àwọn onílù ṣe ń fẹnu pe ìró bàtá. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi ìlù sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó tó wá lù ú bó ṣe ń lù ú lóde. Bó o bá fo ti ẹnà, ìró nìkan lo máa gbé délé, kò sì sẹ́ni tó máa bá ọ tú u. Kò sẹ́ni tó mọ èdè àyàn bí kò ṣe ẹni tó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́.

Omele ni kó o kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe ìyáàlù. Olórin tó bá ti mọ gìtá tàbí dùùrù máa ń fẹ́ di ìyáàlù mú lọ́jọ́ kìíní, torí òun ló ń dárà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé yóò mọ ẹyọ gbólóhùn, kò sì ní mọ ibi tó ti ń wọlé, torí pé omele ló mú ìrìn dání. Lu omele títí tí wàá fi lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ já. Ìgbà náà ni kó o kan omele abo.

Ní ti àṣẹ: baálé agboolé àwọn Àyàn ni kó o lọ bá, má lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó o rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Obì, ọtí àti owó ni àwọn èèyàn mọ̀, àmọ́ mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé onílù wa lónìí. Rán ẹnì kan lọ béèrè kó o tó gbé ọtí wọlé. Bí wọn ò bá gba ọtí, owó àti obì tó. Má sì fi ìrìn àjò rẹ sí oṣù ààwẹ̀ bó bá ṣeé yẹ̀. Kí ẹ sọ̀rọ̀ owó tán kí wọ́n tó gbé ìlù kọ́rùn. Kí ó yé gbogbo yín pé owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí owó tí àwọn èèyàn bá ná wọn níwájú nígbà tí ìlù ń lọ lọ́wọ́. Baálé ló ń pín owó iṣẹ́. Bó o bá yọ́ fún omele ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, o ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ṣàngó àti Egúngún ló ni bàtá. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ṣàngó máa ń wáyé ní Ọ̀yọ́, ọdún náà sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ UNESCO ní 2023, nítorí náà èrò á pọ̀. Lọ gbọ́ ti ọdún, ṣùgbọ́n má retí pé wàá kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ṣe ẹ̀kọ́ ṣáájú ọdún, tàbí kó o dúró di ìgbà tí ara onílù bá balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Onígìtá:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ṣé fóònù mi tó fún gbígba ohùn sílẹ̀, àbí kí n ra ẹ̀rọ?

Agbóhùnpamọ́:

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí n gba apá ti ẹ̀rọ.

Bọ̀dá Onígìtá, fóònù lè tó fún ìrántí ara yín, kò tó fún ìwádìí. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé máíkì inú fóònù burú. Ohun tó ń bàjẹ́ ni pé fóònù máa ń fúnra rẹ̀ yí ohùn sókè àti sísàlẹ̀. Bí ìyáàlù bá dákẹ́, á gbé omele sókè. Bí ìyáàlù bá padà wọlé, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìró àkọ́kọ́ á sì fọ́. Bí ẹ bá wá ń gbọ́ ọ nílé, ó máa dà bíi pé omele ló ń pàṣẹ fún ìyáàlù. Bó bá jẹ́ fóònù ni ẹ ní, ẹ wá áàpù tó ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yí ìwọ̀n ohùn, tó sì ń fi WAV pamọ́, ìyẹn fáìlì ohùn tí wọn kò fún pọ̀ bíi MP3.

Bí ẹ bá ra rẹ́kọ́dà, ẹ gbé e sí WAV, 48 kHz, 24 bit, etí méjì. Ìṣirò rẹ̀ rèé: 48,000 lọ́nà báìtì 3 lọ́nà etí 2 jẹ́ báìtì 288,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi MB 17 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí GB 1 ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Mẹ́mórì káàdì GB 32 á gba nǹkan bí 30 wákàtí. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi "àyè ò tó" ṣe àwáwí láti lo MP3.

Ìró bílálà lórí ṣáṣá máa ń ta lójijì, ó sì máa ń ga ju bí etí ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ń ṣètò ìwọ̀n ohùn, ẹ ní kí onílù lù ú bí ìgbà tí eégún bá gbóná lójú agbo. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ dán an wò", jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa lù ú, ẹ ó yí ìwọ̀n sókè, tí òde bá sì gbóná, iná ẹ̀rọ á pọ́n, ìyẹn ni pé ohùn ti ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà lọ. Ohùn tó bá ti pọ́n báyẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe kó pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òkè rẹ̀ dúró sí -12 dB. 24 bit ní àyè tó nísàlẹ̀, ohùn tó bá rọlẹ̀ ṣeé gbé sókè nílé.

Ibi tí máíkì wà ṣe pàtàkì ju iye owó rẹ̀ lọ. Fún ẹgbẹ́ lódindi, ẹ gbé e sí iwájú ní nǹkan bíi mítà 2 sí 3, kó ga tó àyà ẹni tó dúró. Ẹ má gbé e dojú kọ ojú òjò ìyáàlù tààrà, torí afẹ́fẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ń tì jáde á máa lu máíkì. Bí ìyáàlù nìkan ni ẹ fẹ́, máíkì méjì ló dára, ọ̀kan sí ojú òjò, ọ̀kan sí ṣáṣá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà tó 30 sí 40 sẹ̀ntímítà. Nílé, ẹ lè wá gbọ́ ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹnà ti máa ń yé èèyàn. Irun tí wọ́n ń dà bo máíkì nítorí afẹ́fẹ́ kò wọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀. Ọyẹ́ lásán ti ba iṣẹ́ tó dára jẹ́ rí.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ní kí omele abo lu tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Onílù á gbìyànjú, ọwọ́ rẹ̀ á máa já, tàbí kó lu ohun tí kì í lù lóde. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ipa tirẹ̀ kò dá dúró ni. Àárín ìró omele yòókù ló ń fi tirẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí omele ako máa lọ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí máíkì sún mọ́ èyí tí ẹ ń wá. Ìṣẹ́jú 2 fún méjì yìí, ẹ wá fi ìyáàlù kún un, kó di mẹ́ta, kí gbogbo wọn tó wọlé.

Kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ìlù, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yín: ọjọ́, ìlú, agboolé, orúkọ ìlù kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó mú un dání láti òsì dé ọ̀tún, àti pé wọ́n gbà kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ìwé lè sọnù, fáìlì á gbé ìyẹn dání. Fídíò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojú onílù nìkan. Ẹ gba ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ kọjá kí ọwọ́ méjèèjì hàn. Kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹ ó fi so fídíò àti ohùn pọ̀.

Alágogo:

Kí n fi ọ̀kan kún ti bàbá wa. Ṣáájú omele gan-an, kọ́ kọ́ńkóló, ìyẹn ìró agogo tó ń yí po láìdúró. Òun nìkan ni wàá bá níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí àríyànjiyàn.

Ka 1 dé 12, kó má yára, kó má falẹ̀. Agogo alámàárùn-ún á ró sórí 1, 3, 5, 8 àti 10. Agogo alámèéje, tí wàá gbọ́ dáadáa nínú ìlù bembé ní Cuba àti nínú ìlù vassi ní Salvador, á ró sórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹsẹ̀ ijó á balẹ̀ sórí 1, 4, 7 àti 10. Wò ó dáadáa: nínú ìró márùn-ún yẹn, méjì péré, 1 àti 10, ló bá ẹsẹ̀ pàdé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìró mẹ́ta àkọ́kọ́ jìnnà síra wọn bákan náà, nítorí náà etí olórin tó kọ́ ìwé orin á gbà pé àwọn ni ẹsẹ̀. Á wá máa tẹ ilẹ̀ sórí 1, 3, 5, 7, 9, 11. Ó máa dùn títí dé 5, tó bá di 8, agogo á bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lé e. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kíkà. Rìn yíká yàrá, ẹsẹ̀ mẹ́rin fún yíyí kan, kó o wá máa fẹnu pe agogo lórí ìrìn náà. Bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, kó o tó mú irin lọ́wọ́. Tó o bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ, fi àmì ẹsẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ìwé tó kọ agogo láìkọ ẹsẹ̀ ló ń kó àwọn ọmọ iléèwé orin sínú ìṣòro yìí.

Ọmọ Kétu:

Ní tiwa, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kó o wá gbọ́, kì í ṣe bàtá. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló sì wà lórí rẹ̀. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, ó sì máa ń wọ ìdájí. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bátìrì tó máa gba alẹ́ kan ni kó o gbé, kí òmíràn sì wà lápò. Ìrì á sẹ̀ sórí ẹ̀rọ, da nǹkan bò ó. Ẹ̀fẹ̀ máa ń bú èèyàn nínú orin, á sì pe ìwà onítọ̀hún síta. Má gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbi olórin àti àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ léèrè. Ọ̀rọ̀ tó tán lójú agbo lè tún hù lórí fóònù. Mú owó séfà dání. Yorùbá tó o gbọ́ máa gbé ọ dé ibi tó pọ̀ láàárín ìlú, Faransé ló wúlò níbodè àti ní ọ́fíìsì.

Àbíkẹ́ Bahia:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Onígìtá, ìlù mẹ́ta ni wàá bá ní Salvador: rum tó tóbi jù, rumpi, àti lé tó kéré jù. Atabaque ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ní ilé Kétu, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní aguidavi ni wọ́n fi ń lù wọ́n: rumpi àti lé ń lo méjì, rum ń lo ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Bí ijexá bá dé, tí í ṣe ti Ọ̀ṣun, wọ́n á sọ igi sílẹ̀, ọwọ́ ni gbogbo wọn á fi lù ú. Agogo ló mú ìrìn dání. Olórí onílù ni alabê. Orúkọ àwọn ìlù tí wàá máa gbọ́: alujá fún Ṣàngó, agueré fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, opanijé fún Ọmọlú, igbin fún Òrìṣàálá.

Rum ló ń dárà, rumpi àti lé ń lu ohun kan náà ṣáá. Má fi ojú ìyáàlù bàtá wo rum kó o máa retí gbólóhùn ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tí òrìṣà gùn ni rum ń wò. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bó o bá gba ohùn sílẹ̀ láìrí ijó, ìdajì ohun tí rum ń sọ ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fídíò. Ọ̀nà àbáyọ: bẹ alabê pé kó kọ́ ọ ní ọjọ́ tí kò sí ọdún, kí ẹnì kan tó mọ ijó dúró síwájú rẹ̀, lórí ìlù tí kì í ṣe ti ojúbọ.

Má fọwọ́ kan atabaque ojúbọ. Aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Fi fóònù sápò, wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ ẹtì, kí o sì béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ọkùnrin ń jókòó sí. Má dá ìrìn àjò rẹ sí àárín Carnival àti Àjíǹde, torí ọ̀pọ̀ ilé kì í lùlù ní àsìkò Lẹ́ńtì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ijexá tó ṣeé gbà sílẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni, kó wá nígbà Carnival gan-an. Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, ń lù ú lójú títì.

Kó o tó wá, wá àwọn ohùn tí Lorenzo Dow Turner gbà sílẹ̀ ní Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, ní 1940 sí 1941. Wọ́n wà ní ilé àkójọ orin ìbílẹ̀ ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Onímọ̀ èdè ni Turner, nítorí náà ó jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, kò mọ sórí ìlù. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí Èkó nígbà tó wà lọ́mọdé, wà lára àwọn tó bá a sọ̀rọ̀. Etí Yorùbá ló máa gbádùn ìyẹn jù, ó sì dùn mí pé àwa gan-an la kì í tẹ́tí sí i.

Ará Matanzas:

Ó kan Cuba. Mẹ́ta ni bàtá níbẹ̀: iyá, itótele, okónkolo. Kì í ṣe ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Orí itan ló ń wà, tí wọ́n jókòó tì í, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń lù ú láìsí bílálà. Ojú ńlá ni enú, ojú kékeré ni chachá, ṣaworo tó yí iyá ká ni chaguoró. Ní Matanzas, àwọn kan ṣì máa ń fi awọ àtẹ́lẹ̀ bàtà nà chachá. Bó o bá rí i, wo ọwọ́ náà dáadáa, torí ó jọ ti bílálà nílé ju ohun tí wàá rí ní Havana lọ.

Oríṣi ìlù méjì ló wà, kó o má ṣì wọ́n mú. Fundamento ni èyí tí Añá, ìyẹn Àyàn, òrìṣà ìlù, wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lù ú, obìnrin kì í lù ú, kò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Aberikulá ni èyí tí wọn kò yà sí mímọ́, òun ni wọ́n fi ń kọ́ èèyàn tí wọ́n sì ń gbé lọ sórí ìtàgé. Obìnrin ń lu ìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ Obini Batá ní Havana, obìnrin ni wọ́n. Ní àwọn ọdún 1930 tí Fernando Ortiz, onímọ̀ àṣà ọmọ Cuba, kọ́kọ́ mú bàtá wá síwájú èrò ìta fún àlàyé ìmọ̀, ìlù tí wọn kò yà sí mímọ́ ni wọ́n gbé wá. Nítorí náà, bí olùkọ́ rẹ bá gbé aberikulá síwájú rẹ, má rò pé ó ń fi ojúlówó pa mọ́ fún ọ.

Okónkolo ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, bí bàbá wa ti sọ nípa omele. Lẹ́yìn rẹ̀ ni itótele, tó ń dá iyá lóhùn. Iyá á pè, itótele á jẹ́ ẹ, ìlù á sì yí sí apá mìíràn. Ibi ìpè yẹn ni àwọn àlejò ti máa ń bọ́ sílẹ̀: wọ́n á ti mọ apá kìíní àti apá kejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò mọ ìpè tó ń gbé ọ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ní kí olùkọ́ lu ìpè náà nìkan, pẹ̀lú okónkolo tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti chachalokafun, torí wọ́n ń lò ó fún orin púpọ̀, wàá sì rí i lù léraléra.

Fún ẹni tó ń ṣèwádìí, oru seco ló ṣeé mú bọ̀ jù. Ìlù nìkan ni, kò sí orin, níwájú ojúbọ. Eleguá ló ń ṣíwájú, Ogún tẹ̀ lé e, ó sì ní ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé dé òpin. Nítorí pé ètò wà, o lè gbé ti ilé kan lé ti ilé mìíràn kó o wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Má da ti Havana pọ̀ mọ́ ti Matanzas nínú ìwé kan náà láìkọ ibi tó ti wá. Ọwọ́ wọn yàtọ̀, àwọn onílù níbẹ̀ á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé o ti po àmúlùmálà.

Ọjọ́ tó yẹ kó o mọ̀: 7 àti 8 oṣù kẹsàn-án fún Yemayá àti Ochún, 4 oṣù kejìlá fún Changó, 17 oṣù náà fún Babalú Ayé. Ní Matanzas, ilé àwọn Iyesá, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà, ń ṣe ọdún wọn ní 24 oṣù kẹfà. Ìlù tiwọn yàtọ̀ sí bàtá, igi ni wọ́n fi ń lu èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ Iléṣà tó bá lọ síbẹ̀ kò ní sùn.

Ohun kan tí àwa Yorùbá máa ń ṣe tí kò dára: orin á ń lọ, a ó máa tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu. Gba orin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kọ ohun tó o rò pé ó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ, kó o bi wọ́n lẹ́yìn náà ohun tí àwọn mọ̀ ọ́n sí. Méjèèjì ló wúlò, ṣùgbọ́n tìrẹ kọ́ ló gba iwájú. Àti ọ̀rọ̀ owó: káàdì bánkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ ní Cuba, owó ni kó o gbé lọ́wọ́. Owó tí wọ́n ń san fún ìlù nínú ètùtù ń jẹ́ derecho, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúnàá dúrà lé lórí bí ọjà.

Ọmọ Peckham:

Onígìtá, ó dá mi lójú pé wàá ra ìlù bọ̀. Awọ tó ṣì ní irun tàbí tí kò gbẹ dáadáa ló ń fa wàhálà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọn ò sì ṣàṣejù: ní 2006, ẹnì kan tó ń ṣe ìlù ní New York kó àrùn anthrax láti inú awọ ewúrẹ́ tó gbé wá láti Côte d'Ivoire. Ní 2008, aṣèlù kan ní London kú nítorí àrùn kan náà. Nígbà tí wọ́n ń fá awọ tí eruku rẹ̀ sì ń wọ imú ni ewu pọ̀ jù. Nítorí náà, ra ìlù tí wọ́n ti fá awọ rẹ̀ tán, má gbé awọ tútù pé wàá ṣe é nílé, kó o sì kọ ọ́ sínú ìwé pé awọ ẹran ni.

Ní ti ọkọ̀ òfurufú, tú ṣaworo, kó o dì í lọ́tọ̀. Òun ló ń gún awọ nínú àpótí. Fi aṣọ rírọ̀ sí ojú méjèèjì, kí nǹkan líle má kàn án. Tó o bá dé ìlú òtútù, má gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ilé tó ń gbóná lọ́nà yẹn máa ń gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Awọ á fún, ohùn á máa ga, inú rẹ á sì máa dùn pé ìlù ń dún. Bí ìlù bá dún ju bó ti yẹ lọ, yíya ló ń ya.

Onígìtá:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Báwo ni mo ṣe máa dá ohùn padà fún àwọn tó ni ín?

Agbóhùnpamọ́:

Kí ẹ tó kúrò nílùú náà ni, ẹ má sọ pé "màá fi ránṣẹ́". Ẹ ra flash kéékèèké dání, ọ̀kan fún agboolé tàbí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi WAV sínú rẹ̀, kí MP3 rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí MP3 ni wọ́n máa fi fóònù gbọ́. WhatsApp kò ṣeé fi pa ohùn mọ́, fún gbígbọ́ lásán ni. Ní Cuba, íntánẹ́ẹ̀tì máa ń falẹ̀, fáìlì ńlá kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ sọ fáìlì lórúkọ báyìí: ọdún, oṣù, ọjọ́, ìlú, ìlù, nọ́ńbà, bíi 2025-06-24_Matanzas_Iyesa_03. Ẹ má lo àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì, àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń sọ ọ́ di jágbajàgba. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà: ọ̀kan lórí káàdì, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard drive tó wà nínú báàgì mìíràn. Ẹ má nu káàdì náà títí ẹ ó fi délé. Ẹ ra òmíràn.